Sí Ẹni Tí Kò Fi Ènì Sínú Táǹkì Rí

Ọdún mẹ́fà rèé, Bàbá àwọn ọmọ mi, tí o gbá ojú èbúté mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí o ní o fẹ́ jókòó díẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, tí ìjókòó náà sì di èyí tí o kò dìde níbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́fà! Àga náà ṣì wà. A ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ dà nù.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Yàrá òkè tí o fi sílẹ̀ láìlórùlé ti lórùlé. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi, bí o ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ọmọ wa kejì ti di nọ́ọ̀sì, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Àbíkẹ́yìn wa, tí o máa ń gbé sí èjìká kí ó lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, ní láti tẹrí ba báyìí kí ó tó lè wọ ilé ìdáná. Ó ti ga jù ọ́ lọ! Bí o bá rí i lójú ọ̀nà, wàá béèrè ọmọ ta ni.

Àkọ́bí wa obìnrin ló yà mí lẹ́nu jù. Ó kàwé tán, wọ́n gbà á síṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ńlá kan, ó ṣe é fún oṣù mẹ́rin, ó kó ẹrù rẹ̀ dé. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Màámi, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ògiri ni mò ń wò. Omi ni mo fẹ́ máa wò." Mo bínú. Mo sunkún pàápàá. Mo ní gbogbo ìwé yẹn ti ṣòfò. Mi ò mọ ohun tó ń bọ̀.

Èmi náà ti ń kàwé o. Má rẹ́rìn-ín! Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí tí à ń kà sí ọ létí lónìí. Àwọn lẹ́tà mi ṣì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ tí wọn ò di ẹrù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò rì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí gbogbo wa pé jọ síbi tí o sùn sí, tí àwọn ènìyàn ń yìn mí pé mo gbé iṣẹ́ ọkọ mi dúró, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀wọ̀n irin wà lára pọ́ǹpù tí o fi ń ta epo fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti ti èbúté wa pa. Mo sọ fún wọn pé à ń tún pákó ṣe. Irọ́ ni mo pa, Bàbá àwọn ọmọ mi. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ni, mi ò sì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọ. Lónìí, mo lè sọ ọ́.

Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń ṣe é? Ọkọ̀ ò ní tíì fara kan èbúté tí ohùn rẹ á ti gba ojú omi. "Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ pa iná tí ẹ fi ń se oúnjẹ! Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó lọ mu ún nílé àna rẹ̀! Gbogbo ènìyàn, ẹ bọ́ sílẹ̀!" Wàá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀ kí òórùn epo má baà kó sínú rẹ̀. Wàá béèrè iye lítà tí wọ́n fẹ́. Wàá fi irin ẹnu rọ́bà tí epo ń gbà láti inú pọ́ǹpù kan irin ẹnu táǹkì kí o tó tẹ̀ ẹ́, kí iná má baà ta láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ á wà lórí rọ́bà, ọwọ́ òsì á wà lẹ́nu ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ihò tí táǹkì fi ń mí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí epo ṣe ń wọlé.

Àwọn ẹlòmíràn ń fojú wo géèjì tó ń sọ iye epo inú táǹkì. Ìwọ, àtẹ́lẹwọ́ lo fi ń gbọ́. O ní bí táǹkì bá ti ń kún, èémí rẹ̀ á yí padà, á máa sáré bí ti ẹni tó ń gun òkè. Bí o bá ti gbọ́ ọ báyìí, o ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Bí a bá pín táǹkì sí mẹ́wàá, ìdá kan á ṣófo. O kì í gbà kí ó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ọba.

Gbogbo ẹni tó ń tajà ló mọ̀ pé oníbàárà á béèrè ènì. Tìrẹ, gálọ́ọ̀nù kékeré lo máa ń bu ènì sí, wàá dé e pinpin, wàá gbé e lé wọn lọ́wọ́. O kò fi ènì sínú táǹkì rí. O ní táǹkì kì í ṣe òṣùwọ̀n àgbàdo tí à ń rọ tí ó ń ga góńgó. O ní epo tó bá kún dẹ́nu ní òwúrọ̀, bí oòrùn bá mú un, á wú, á wá ibi gbà, omi ni yóò sì gbà á.

Ta ni kò mọ ìjà ìwọ àti Kún-un-dẹ́nu? Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá gbé ọkọ̀ akérò rẹ̀ dé, igbe kan náà ni: "Bàbá, ẹ kún un dẹ́nu!" Ìwọ náà á dáhùn pé, "Ẹnu tìrẹ ti kún tó fún àwa méjèèjì." Ẹ̀yin méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wàá gbé gálọ́ọ̀nù ènì fún un, ó parí.

Ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé ọ kọjá omi lọ́jọ́ tí a lọ sin ọ́. Kò jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn gbé ọ. Mi ò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣìṣe.

Oṣù kan ṣáájú ìrántí rẹ ọdún tó kọjá ni. Àárọ̀ tutù, ìkùukùu ṣì bo ojú omi. Àkọ́bí wa ti lọ sí ìgboro láti ra rọ́bà tuntun. Kún-un-dẹ́nu dé, mo fún un ní epo rẹ̀, ó ní, "Ìyá Pọ́ǹpù, ènì mi dà?" Mo wo ibi ìkó-nǹkan-sí, kò sí gálọ́ọ̀nù kankan tó ṣófo. Ó ní, "Ẹ kúkú fi sínú táǹkì. Bàbá ò sí níbí, ta ló máa bá wa jà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ro bí ó ṣe gbé ọ kọjá omi. Mo tẹ rọ́bà, mo kún un títí epo fi ń dán lẹ́nu táǹkì. Ẹyọ kan ò kán sílẹ̀! Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ó lọ jókòó de àwọn èrò. Oòrùn là. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́wàá, irin ọkọ̀ ti gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á mọ́. Epo wú, gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ. Ó gba ihò èémí jáde ní ẹ̀gbẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń wò, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ sójú omi, ó tàn bí òṣùmàrè, ó sì dorí kọ ibi tí ìyá ẹlẹ́ja ń sin ẹja rẹ̀ sí nínú àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté wa.

Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. Àbúrò rẹ mẹkáníìkì, ọkọ mi kékeré, o mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá ju orí rẹ̀ lọ. Ó sáré gbé ike ọṣẹ olómi tó fi ń fọ ọwọ́, ó dà á sí i látòkè délẹ̀. Omi hó funfun. Òṣùmàrè pòórá. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti tán!"

Kò tán. Ọṣẹ kì í pa epo, ó kàn ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ ni, á sì rì lọ bá ẹja nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò ti lè rí i mọ́. Kí oòrùn tó yẹ̀, ẹja ìyá ẹlẹ́ja ti ń fi ikùn funfun léfòó. Ọ̀gá obìnrin kan láti ọ́fíìsì èbúté bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo omi tó ń hó, ó ní, "Ta ló da ọṣẹ sí i?" Àbúrò rẹ nawọ́ bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. "Èmi ni o, ma!" Ó rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín ni.

Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de pọ́ǹpù. Wọ́n fún mi ní ìwé kan, mo tẹ̀ka sí i, mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀ka sí. Ìgbà tí Àkọ́bí wa dé ló kà á fún mi. Ìwé náà ní oṣù méjì sí ìgbà yẹn, àwọn yóò wá wò wá bí a ṣe ń fún ọkọ̀ kan ní epo. Ọkọ̀ kan péré. Bí ẹ̀kán epo kan bá kan omi, èbúté yóò bọ́ lọ́wọ́ ìdílé wa, wọn á fi fún ẹlòmíràn. Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo forúkọ sílẹ̀ níléèwé àgbà.

Mo lọ bẹ ìyá ẹlẹ́ja. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Èmi lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹja mi ò gbọ́." Ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi kí n máa lọ.

Mo fẹ́ jọ̀wọ́ èbúté náà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ kí ojú tó tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́bí wa ló kọ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lélẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Màámi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, Bàámi máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sẹ́nu ihò èémí, wọ́n á ní kí n di ojú. Wọ́n á ní, 'Sọ fún mi nígbà tó bá ń gun òkè.' Mo ṣì mọ̀ ọ́n." Mi ò mọ̀ rí pé o kọ́ ọ! Èmi rò pé eré lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn.

A wá táǹkì àlòkù kan, a gbé e sẹ́yìn ilé, omi lásán la fi ń kún un. Èmi di rọ́bà mú, òun di ihò èémí mú. Àbúrò rẹ jókòó sórí àpótí, ó ń kígbe, "Ó kán! Ó kán! Wọ́n ti gba èbúté!" nígbàkígbà tí omi bá ta sílẹ̀. Ìgbà mìíràn kì í kán rárá, ó kàn fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé di ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá obìnrin náà dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́ja náà wá, ó ká ọwọ́ lé àyà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni a ó fún ní epo. A ń wo ojú omi. Ta ni ì bá dé bí kò ṣe Kún-un-dẹ́nu! Mo ní, ó parí.

"Ogójì lítà!" bí ó ṣe wí nìyẹn kí ó tó so okùn. "Táǹkì mi gbẹ bí ọ̀fun ẹni tó jí. Ẹ kún un dẹ́nu o!"

Ọmọ rẹ, Àkọ́bí wa, ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ sílẹ̀."

"Èmi? Nínú ọkọ̀ tèmi?"

"Ẹ̀yin náà, sà."

Ó wo èmi, ó wo ọ̀gá, ó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀. Ó fi àkísà yí ẹnu táǹkì ká. Mo fi irin kan irin. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu ihò èémí, ó di ojú. Mo tẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n.

Ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọ rẹ ní, "Ó tó."

Kún-un-dẹ́nu fò sókè. "Ó tó kè? Ogójì ni mo pè! Géèjì mi ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá Pọ́ǹpù, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Mo wo ọ̀gá. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá dúró láìpé iye tí wọ́n pè, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. Mo sì rò ó pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́... Mo wo ojú ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ètè rẹ̀ yọ síta díẹ̀, bí ètè rẹ ṣe máa ń yọ. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi ẹnu rọ́bà kọjú sókè, mo fi àkísà gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mo gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀gá mú ọ̀pá ìwọ̀n, ó tì í bọ inú táǹkì, ó fà á jáde. Ó ní, "Nínú mẹ́wàá, ó ti kún dé mẹ́sàn-án." Kún-un-dẹ́nu ní irọ́ ni. Ó wọ inú ọkọ̀, ó fi ìkúùkù lu géèjì rẹ̀. Ọwọ́ inú géèjì fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè pátápátá. "Ha! Ìwọ olè yìí," bí ó ṣe ń bá géèjì sọ̀rọ̀ nìyẹn, "ṣé bí o ṣe ń tàn mí látọjọ́ yìí nìyẹn?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́ja gan-an rẹ́rìn-ín, ó tún yára fún ojú pọ̀.

Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ dé ogójì! Mi ò fẹ́ rò ó.

Ọ̀gá fi àyà lélẹ̀ lórí pákó èbúté pẹ̀lú aṣọ mímọ́ rẹ̀, ó wo omi lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó ní, "Ẹ tú ẹ̀wọ̀n yẹn." Àbúrò rẹ ló tú u, ó ń sunkún, ó ní oòrùn ló ń wọ òun lójú.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù tó kún fún aṣọ tó ń fa epo mu láìfa omi. A kò tíì lo ju méjì lọ. Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ dé èbúté mọ́, àbúrò rẹ ló sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá rẹ̀. Ó lé ọkùnrin kan tó fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbẹ̀ títí dé títì. Àwọn tó ń fún ọkọ̀ ní epo ní òdìkejì omi ti ń wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn sẹ́nu ihò èémí, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n, ó ní kí wọ́n di ojú, wọ́n sì ń di ojú. Kún-un-dẹ́nu ra géèjì tuntun. Gálọ́ọ̀nù ló fi ń gba ènì rẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja ti kó ẹja tuntun sínú omi. Èmi àti àbúrò rẹ la bá a na àwọ̀n rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó gbé ẹja ńlá kan wá fún mi, ó jù ú sórí tábìlì, ó ní, "Ìyàwó Bàbá, sè é kó tó bàjẹ́," ó sì yí ẹ̀yìn padà. Mo mọ ohun tó wí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ kọ ìwé àṣẹ tuntun fún èbúté. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí o lọ, orúkọ rẹ ṣì wà lórí ìwé náà, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Mo ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá yọ ọ́, yóò dà bí ìgbà tí a tún sin ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá béèrè pé orúkọ ta ni kí òun kọ. Àkọ́bí wa ní kí ó kọ orúkọ mi. Mo ní rárá, kí ó kọ orúkọ ọmọ náà, òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì kà á fúnra mi. Orúkọ rẹ ló tẹ̀ lé tirẹ̀, nítorí ọmọ rẹ ni. Mi ò sunkún bí mo ṣe rò. Inú mi dùn, Bàbá àwọn ọmọ mi. Inú mi dùn gidigidi!

Ṣùgbọ́n má rò pé àárò rẹ ti dín. Kò dín o. Bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀, ìwọ ni mo ṣì máa ń yíjú wá láti sọ ọ́ fún, kí n tó rántí. Nígbà tí o wà láyé, mi ò sọ ọ́ fún ọ tó. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ ń dé, mo rò pé àyè ṣì pọ̀. Mo ń sọ ọ́ lónìí lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ báyìí.